A Ò Tíì Kí Wọn

Ẹni tó bá ń lérí pé òun ní sùúrù, kó lọ kọ́ bàbá tó bí i lọ́mọ ní èdè Sípéènì ná, kó tó wá bá wa fọ́nnu. Ọmọ́wùmí rò pé òun ní sùúrù. Aránṣọ ni ní Ọ̀rẹ̀, obìnrin tó lè fi gbogbo òwúrọ̀ tú aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rán wọ́gọwọ̀gọ, tí kò ní gbin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gun ọ̀kadà lọ sí Òdìgbó nírọ̀lẹ́ láti lọ kọ́ Pá Pius, bàbá rẹ̀, ní èdè yìí, ojoojúmọ́ ni orí ń fọ́ ọ.

Gbólóhùn kan péré ló fẹ́ kí bàbá náà mọ̀. Ẹyọ kan! *Le pido perdón por mi hija.* Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín nítorí ọmọ mi. Kó sọ ọ́ kó gún régé, kí ìyá kan ní Fànándò gbọ́ ọ, kí inú ìyá náà rọ̀, kó gbé fóònù fún ọmọ kan tó ń jẹ́ Victor. Ohun tí Ọmọ́wùmí ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọmọ́wùmí ti gbé Màlábò rí, ní erékùṣù tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Fànándò. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Ramón, ọmọ onílẹ̀, ibẹ̀ ló bí Victor sí. Àìsàn mú Ramón, ó sì kú. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tí ìwé ìgbélùú Ọmọ́wùmí tán, ló bá gbé ọmọ fún Trinidad, ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé lọ ṣe ìwé tuntun, òun ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì wo? Ìwé kò ṣeé ṣe bọ̀rọ̀. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tó yá, bó bá ti pè, tí ìyá náà bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, á pa fóònù.

Loveth, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ọ̀kírìkà ládùúgbò wọn lọ́hùn-ún, ló bá a bẹ ìyá náà títí tó fi gba iṣẹ́ kan wá. "Màmá ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ," Loveth wí. "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ògbufọ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé èèyàn ló bí ẹ, kí bàbá ẹ fi ẹnu ara rẹ̀ bá àwọn sọ̀rọ̀, lọ́sàn-án Sunday tí Victor bá gba kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ kín-ín rẹ nídìí fóònù, wọ́n ní ó parí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má pe àwọn mọ́ láéláé."

Ọmọ ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ. Bí eléyìí bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ó di ìgbà tó bá dàgbà tó bá fẹ́ wá ìyá rẹ̀ kiri, ìyẹn bó bá ṣì rántí pé òun ní ọ̀kan.

Pá Pius kì í ṣe púrúǹtù o. Bíbélì Yorùbá, geere ló ń kà á. Ìyẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀, torí lójú tirẹ̀, lẹ́tà tí a bá ti kọ, dandan ni ká pè é. Ọmọ́wùmí fi ṣọ́ọ̀kì kọ *hijo*, ìyẹn ọmọkùnrin, sára ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí.

"Híjò," ni Pá Pius kà. Ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí ẹní padà.

"Rárá, Bàbá. Wọn kì í pe hí yẹn. Jí tó wà láàárín yẹn ni wọ́n ń pè bíi hí tiwa. Íhò."

Ẹsẹ̀ bàbá dúró. "Ihò? Ihò bí ihò eku?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi hí síwájú, nígbà tí wọn ò ní í pè é? Ṣé ó ń bá wọn ṣọ́ ilé ni?"

Òun náà ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tóun ń kọ́ èdè náà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Màlábò, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún òun, ebi ló kọ́ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú akọ àti abo. Ó ní gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún ló ní akọ tàbí abo. Ilé, *la casa*, abo ni. Kòkó, *el cacao*, akọ ni. Pá Pius wo kòkó tó wà nílẹ̀, ó wo ilé, ó tún wo kòkó.

"Ta ló yẹ ìdí rẹ̀ wò?"

"Bàbá, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀."

"Láti kékeré ni mo ti ń gbin kòkó, Ọmọ́wùmí. Mi ò rí èyí tó hu irùngbọ̀n rí."

Ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ́wùmí ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, torí ọjọ́ ń sún mọ́lé, bàbá ò tíì lè pe *perdón* kó má dà bí orúkọ ẹran.

Ohun tó wá ń dùn ún jù ni pé bàbá ni bàbá. Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló ṣì í báyìí, á ní, "Orí ẹ ò pé ni?" Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó bí i lọ́mọ? Ńṣe ló máa ń kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ti gbìyànjú, Bàbá, ó ku díẹ̀," nígbà tó jẹ́ pé kò ku díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn náà, á bọ́ sẹ́yìn ilé, á kó èébú bo ewúrẹ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan.

Pá Pius pàápàá fura. "O kàn ń sọ pé mo gbìyànjú ni," ó ní. "O ò sọ pé mo gbà á."

"Ẹ gbà á díẹ̀, Bàbá."

"Hẹn-ẹn."

Ohun kan ṣoṣo ló tẹ́ bàbá lọ́rùn nínú gbogbo èdè náà: pé bí a bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, *usted* là ń wí, bí ìgbà tí a bá ń sọ pé ẹ̀yin. "Á à! Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé," ni Pá Pius wí, ló bá fà á wọ inú gbogbo ọ̀rọ̀, ó ń pe adìyẹ ní *usted*. Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló sì wá dìjà.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ kú ilé?" bàbá béèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti sáré kó kòkó wọlé.

"Wọn kì í sọ ọ́, Bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọn kì í sọ ọ́."

"Ẹ kú ìjókòó?"

"Bàbá! *Buenas tardes* ni wọ́n ń sọ. Ẹ káàsán."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó tán nìyẹn. Tó bá pọ̀ jù, wọ́n á ní *¿cómo está usted?* Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

"Kí ni wọ́n ń pe òjò?"

"*Lluvia.* Jùbíà."

"Wọn ò sì kí ara wọn kú òjò?"

"Wọn ò kí ara wọn kú òjò."

"Bí èèyàn bá wà nínú ọ̀fọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ní *lo siento*. Ó dùn mí. Ohun náà ni wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà síbi *le pido perdón*. Ẹ jọ̀ọ́."

Ṣùgbọ́n Pá Pius ti gbá *lo siento* mú bí ẹni rí owó he. *Lo siento* nídìí kòkó, *lo siento* nídìí ọbẹ̀, bó ṣe ń gbé ìgò epo kalẹ̀, ó ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní dandan ni kí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà ilé àti ti kòkó, bí wọ́n ṣe ń sọ pé kòkó dúdú, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà, torí Loveth ti sọ fún wọn pé ìyá náà ní oko kòkó. Ọmọ́wùmí ní bàbá, ẹ ò nílò ìyẹn. Bàbá ní òun nílò rẹ̀. Ọmọ́wùmí ní ìyá yẹn ò ní sùúrù, bí ẹ ò bá tètè sọ ohun tí ẹ pè fún, á pa fóònù.

"A kì í ti ojú ọ̀nà bẹ̀bẹ̀," Pá Pius wí. "A ò tíì kí wọn, o ní kí n máa bẹ̀bẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, tó ku ọ̀la kí wọ́n pè, Ọmọ́wùmí ní kó ka gbólóhùn náà láìwo ilẹ̀kùn. Bàbá ní *le pido*, ó dúró, ó wo òkè àjà, ó ní *le pido la casa*, mo ń tọrọ ilé lọ́wọ́ yín. Ọmọ́wùmí kò mọ ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n gbóhùn ọmọ mi ni?" Igbe ló fi sọ ọ́. Kò kúnlẹ̀, kò tẹrí ba. "Gbólóhùn kan! Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí! Ẹ ń béèrè òjò, ẹ ń béèrè ilé, ẹ ń sọ *lo siento* fún ìkòkò ọbẹ̀. Ṣé ọmọ tèmi ni ẹ fẹ́ fi ṣeré ni?"

Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kò kó o padà. Pá Pius jókòó sórí àpótí. Bínú bá bí i, èdè Ìkálẹ̀ ló máa ń fi bú èèyàn, Ọmọ́wùmí sì ń retí rẹ̀. Kò bú u.

"Nígbà tí ìwọ wà ní Fànándò," ó ní, "ọdún á yí po kí n tó gbóhùn ẹ. Nígbà tí ìyá ẹ kú, fóònù Loveth la fi rí ẹ bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn." Ó mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, ó nà án sí i. "Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n a ò tíì kí wọn."

Olórí kunkun! Ọmọ́wùmí kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì lu ilẹ̀kùn náà.

Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù Ọmọ́wùmí ní Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pè, torí nẹ́tíwọ̀kì Òdìgbó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé ọmọ ara rẹ̀ lé. Ó ti ilẹ̀kùn pa nítorí ariwo tírélà ojú títì. Ó gé páálí tó fi ń ṣe àpẹẹrẹ aṣọ, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ gbólóhùn náà sí i, kì í tún ṣe bí àwọn elédè ṣe ń kọ ọ́, ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ Yorùbá, kí bàbá má baà rí hí kankan bá jà. Pá Pius wọ kóòtù tó wọ lọ sí Máàsì. Bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́hùn-ún, ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orí itan. Ọmọ́wùmí jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó gbé páálí sókè, ó sì ki etí ìró bọ ẹnu ara rẹ̀ kó má baà gbin.

"*Diga*," ohùn kan wí. Sọ̀rọ̀. Gbígbẹ ni ohùn náà gbẹ.

"*Buenas tardes, señora*," ni Pá Pius wí, ó sì tẹrí ba fún fóònù.

Wọn ò dáhùn.

"*¿Cómo está usted?*"

Ọmọ́wùmí mi páálí. Bàbá wò ó, ó sì mójú kúrò níbẹ̀.

"*¿Cómo está la casa?*"

Yéè! Ta ló ń béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ elédè Sípéènì? Ilé ń ṣàìsàn ni? Ọmọ́wùmí na páálí náà súnmọ́ bàbá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìyá náà ní, "*¿La casa?*" bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ra ilé mọ́ lórí. Lẹ́yìn náà ó ní ilé náà wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan.

"*¿Cómo está el cacao?*"

Ọmọ́wùmí ti mọ̀ pé ó tán. Ó di ojú. Ó ń retí *túù* tí fóònù máa ń dún bí wọ́n bá pa á.

Kò dún. Ohun tó gbọ́ ni èémí gígùn, ìyá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ó ní òjò ti pọ̀ jù. Ó ní kòkó ń dúdú lórí igi, ó ń jẹrà kó tó pọ́n. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bá òun fín oògùn sí i mọ́, láti ìgbà tí Ramón ti kú, òun nìkan ló kù, ẹsẹ̀ òun ò sì gbé òun dé oko. Gbogbo rẹ̀ ni Ọmọ́wùmí gbọ́ yéké. Pá Pius ò gbọ́ ju mẹ́ta lọ níbẹ̀: òjò, dúdú, Ramón.

"*Aquí también*," ó ní. Níbí náà ni. "*Mucha lluvia. Cacao negro.*" Òjò púpọ̀, kòkó dúdú. Ó tọ́ ètè lá. Ó yí ojú kúrò lára páálí pátápátá, ó fà súnmọ́ fóònù. "Ramón. *Lo siento, señora. Lo siento mucho.*" Ibi tí èdè ti tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ló bá fi Yorùbá tì í lẹ́yìn. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tù yín nínú. A ò tètè kí yín, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ wa náà ló lọ."

Etí ìró já bọ́ lẹ́nu Ọmọ́wùmí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ramón sin, kò sí ẹnì kan nínú ẹbí òun tó pe ìyá yìí láti kí i. Òun gan-an, ẹkún ọkọ lòun ń sun, lẹ́yìn náà ó di ẹkún ìwé, lẹ́yìn náà ó di ẹkún ọmọ. Obìnrin náà sin ọmọ tó bí, gbogbo ìgbà tóun bá sì pè é, Victor lòun máa ń béèrè. Ojú ti Ọmọ́wùmí débi pé ó fi páálí bo ojú.

"*Nadie*," ìyá náà wí lọ́hùn-ún. Kò sẹ́nì kankan. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó kí mi. Láti ọjọ́ náà." Ó fun imú. Ó tún ní, "*Espere.*" Ẹ dúró.

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọ kan ní, "*¿Sí?*"

Olúwa mi! Kì í ṣe ohùn tó fi sílẹ̀ nìyẹn. Ohùn ọmọ tí kò tíì lè pe ọ̀rọ̀ já ló fi sílẹ̀. Ọmọ́wùmí fi eyín di ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"*Soy tu abuelo*," ni Pá Pius wí. Èmi ni bàbá rẹ àgbà. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló hàn.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Funfun lòun wọ̀ lónìí, tuntun sì ni bàtà òun, wọ́n se adìyẹ, Fádà fún òun ní àwòrán kan. Pá Pius ń sọ *sí, sí*, kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ní, "*¿Y mi madre?*"

Ìyá mi ńkọ́?

Ìyẹn yé Pá Pius. Ó wo Ọmọ́wùmí. Ọmọ́wùmí wò ó. Bó bá la ẹnu báyìí, ìyá náà á gbọ́, ó sì parí. Ó ń mi ètè láìjẹ́ kí ohùn jáde, ó ń gbìyànjú láti fi ètè sọ fún bàbá pé kó sọ pé ó ń bẹ, kó sọ pé ó wà níbí, kó sọ pé kò gbàgbé. Ẹni tí kò lè kà á lára ilẹ̀kùn, ṣé ara ètè ni yóò ti wá kà á?

"*Tu madre*," ni Pá Pius wí. Òógùn bò ó. "*Tu madre...*" Ó wá a, kò rí i. "*Tu madre, buenas tardes.*"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. "*Buenas tardes*," ó ní.

Ìyá náà gba fóònù. Ó ní Sunday tó ń bọ̀, ní irú àkókò yìí. Ó ní *usted. Solo usted.* Ẹ̀yin nìkan. Ó pa á.

"*Buenas tardes!*" Ọmọ́wùmí ju páálí mọ́ ògiri. "Ọmọ mi béèrè mi! Ọmọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè mi, ẹ ní *buenas tardes*! Áà! Bàbá, ẹ pa mí!" Ó wó sílẹ̀ láàárín àkísà àti òwú, ó sunkún, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Inú ń bí i sí bàbá, ó ń bí i sí ara rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì mọ èyí tóun ń sun ẹkún rẹ̀ nínú méjèèjì.

Pá Pius jẹ́ kó sun ún. Nígbà tó ṣe, ó dé fìlà rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́nu mi ni mo sọ," ó ní. "Èyí tí o kò kọ́ mi, níbo ni kí n ti rí i? Èmi ni wọ́n ní kí n pè ní Sunday. Ó dáa. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?"

Ọmọ́wùmí dìde jókòó. Ó la ẹnu. Àní, ó fẹ́ sọ pé òun ò fi í sílẹ̀, ìwé ni. Ó fẹ́ sọ pé òun ṣì ń wá ìwé náà, òun á dé, bó pẹ́ bó yá. Ó fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ, tí ọmọ ń sùn, tí kò jí i. Ọ̀rọ̀ gígùn ni gbogbo rẹ̀. Ó wo ẹnu bàbá rẹ̀, ẹnu tí eyín iwájú ti ká, ó sì mọ̀ pé kò sí èyí tó lè gba ibẹ̀ dé Fànándò.

"Ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe jí," ó wí nígbẹ̀yìn. Ó fi ìró nu ojú. "Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ bi í ohun tó jẹ. Ilé ìwé ńkọ́. Ṣé òjò ò pa á. Ẹ bi í ẹni tó ń bá a gé irun."

"Ọ̀rọ̀ ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Ẹ kí i ná, Bàbá."

Pá Pius fa àpótí súnmọ́ ọn. "Pè é díẹ̀díẹ̀," ó ní.

"*¿Has comido?*" ni Ọmọ́wùmí wí. Ṣé o ti jẹun? Ó gé páálí mìíràn, ó kọ ọ́ sí i bí àwọn elédè ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú hí rẹ̀.

"Háàsì komídò," ni Pá Pius kà.

Ọmọ́wùmí ò sọ pé ó gbìyànjú. "Ẹ ò gbà á, Bàbá," ó ní. "Ẹ tún un pè."